A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Sandgrouse, Èkó

 

Ọ̀rọ̀ àwòrán iṣẹ́ ni a mú wá lónìí. Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹ wo aránṣọ. Kò jẹ́ ṣàdédé mú àlùmọ́gàjí kó máa gé aṣọ oníbàárà. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Irú èwo lẹ fẹ́? Òde wo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ?” Yóò fi téèpù wọn èjìká àti ìbàdí. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò sì fa ìlà sára aṣọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tó gé e. Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà àti bíríkìlà ń ṣe. Bíbéèrè, wíwọ̀n àti fífa ìlà yìí ni àwòrán iṣẹ́. Òun ni ọgbọ́n tí a fi ń ro iṣẹ́ kí á tó dáwọ́ lé e.

Bí aṣọ kò bá bá ẹnì kan mu, ẹnì kan náà ni yóò jìyà rẹ̀. Títì, gọ́tà, ọjà àti ilé ìjọba ńkọ́? Bí àwòrán tiwọn kò bá dára, gbogbo ìlú ni yóò jìyà. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn Èkó wa yìí ṣe àpẹẹrẹ.

Àrùn Èkúté

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Kòkòrò kékeré tó ń gbé ara èkúté ló ń kó o ran ènìyàn. Ibi tí ilé bá ti há mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, tí ìdọ̀tí sì pọ̀, ibẹ̀ ni èkúté máa ń gbà ṣe ilé. Àwọn aláṣẹ rí i pé oògùn nìkan kò tó. Ní 1928, ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, tí a ń pè ní LEDB. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ìlú tò. Ṣé ẹ rí i? Àrùn ni wọ́n ń bá jà, ṣùgbọ́n àwòrán ilé àti títì wà lára oògùn rẹ̀.

Wíwó Ilé ní 1955

Ní 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún tò tó nǹkan bí éékà 70. Òótọ́ ni pé ilé ibẹ̀ há mọ́ra jù. Wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, ní òdì kejì ọ̀sà. Ilé tuntun náà dára. Àyè wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, ní Èkó àti ní Sùúrùlérè. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1961. Ìyá tó ń pàtẹ sí iwájú ilé ní Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Ẹni tó ń gbé ilé ẹbí láìsan owó wá di ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù. Owó ọkọ̀ tún dé lé e. Àwọn ẹbí tó ń jẹun pọ̀ fọ́n ká. Àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún kò rí i mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn mìíràn kò lè fara dà á, wọ́n kó jáde.

Kí ló fà á? Àwọn tó ya àwòrán náà wọn ilẹ̀, wọ́n wọn títì, wọ́n wọn fèrèsé. Wọn kò wọn bí oníṣòwò ti jìnnà sí oníbàárà rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé agbo ilé kì í ṣe ògiri lásán. Ibẹ̀ la ti ń dá èésú, ibẹ̀ la ti ń bá ara wa tọ́mọ, ibẹ̀ la ti ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Iṣẹ́ Tó Kù fún Wa

Ní 1972 ni LEDB ti wọ inú ilé iṣẹ́ mìíràn, LSDPC. Ṣùgbọ́n títún ìlú tò kò ì tí ì tán. Ẹ mú gọ́tà àdúgbò yín. Bí omi kò bá ṣàn, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wò ó. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ṣé ìdọ̀tí ló dí i ni, àbí gọ́tà náà kò dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó?
2. Ẹ béèrè. Ẹ bi alákàrà, ẹ bi alábàárù, ẹ bi ẹni tó ń gbálẹ̀. Bóyá ìdérí gọ́tà ló wúwo jù, tí kò sẹ́ni tó lè ṣí i kó mọ́.
3. Ẹ yà á. Bébà kan àti bíró kan tó. Ẹ fi ilé, gọ́tà àti ibi ìdalẹ̀nù hàn. Kò dìgbà tó bá rẹwà.
4. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níwọ̀nba. Ẹ ṣe ìdérí kan tí ènìyàn méjì lè gbé, kí ẹ tó ná owó lórí ogún.
5. Ẹ padà lọ wò ó. Bí kò bá dára, ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má bẹ̀rù àwòrán mọ́. Bí ìjọba bá gbé àwòrán ọjà tuntun wá, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kà á. Ẹ béèrè pé, “Níbo ni ìsọ̀ mi wà nínú èyí? Níbo ni omi yóò gbà? Ta ni yóò san owó rẹ̀, èló sì ni?” Ìgbà tí ó wà lórí bébà ni ó rọrùn láti tún ṣe. Bí ó bá ti di bíríkì, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán mọ tirẹ̀, ìyá tó ń tajà ní Sandgrouse náà mọ tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó ti bébà kan náà, ìlú yóò rójú.