Kíláàsì Kan Níwájú Egungun Àtijọ́

Ní Drumheller, ní Kánádà, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Royal Tyrrell wà. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ Joseph Tyrrell, ẹni tó rí agbárí dáínásọ̀ lágbègbè náà ní 1884, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà lè bẹ ibẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwọ mọ́tò. Olùkọ́ ibẹ̀ á dúró níwájú kámẹ́rà, kíláàsì á máa wò ó. Kì í ṣe fíìmù tí wọ́n ti ká sílẹ̀ o! Bí ọmọ kan bá nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa eyín dáínásọ̀, olùkọ́ lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èyí ló wù mí jù. Kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já ni kíláàsì nílò.