Ẹ Má Ka Nọ́ńbà Mẹ́fà Yẹn fún Ẹnikẹ́ni
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé wa àtijọ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Bódìjà, Ìbàdàn)

Alága ní kí n má sọ̀rọ̀ jù, torí ìrẹsì ti jinná. N ó gbìyànjú.

Ẹ rántí ìwé orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Èmi ni mo máa ń ṣe é nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, orúkọ ni, iṣẹ́ ni, àti P.O. Box ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀. Àwọn tó rí já jẹ nínú wa nìkan ló ní fóònù NITEL. Bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tó burú jù ni kí ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì wá kanlẹ̀kùn. Nígbà tí GSM dé ní 2001, mo fi nọ́ńbà sí i. Nígbà tó yá, mo fi ọjọ́ ìbí sí i, orúkọ ọmọ, àdírẹ́sì ilé, fọ́tò. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa ni. Ẹ tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹnìkan wá ya fọ́tò ojú ìwé náà, ó jù ú sórí WhatsApp. Kò ní èrò ibi lọ́kàn o. Ṣùgbọ́n láti orí fóònù kan dé òmíràn, ta ló lè kó o jọ mọ́?

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá olùkọ́ wa (n kò ní dárúkọ, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn) wà nílé wọn níhìn-ín ní Bódìjà láàárọ̀ Sátidé kan nígbà tí fóònù dún. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni mò ń ran akọ̀wé lọ́wọ́ lórí àpèjẹ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Ó mọ ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ó mọ orúkọ ọmọ wọn tó wà ní London. Ó tún kí wọn kú ọjọ́ ìbí tó kọjá. Ta ni kò ní gbàgbọ́? Wọ́n kà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí àwọn kan nínú wa ń sọ pé oògùn ni. Olè náà gbé WhatsApp sórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ìyá wa sí i. WhatsApp wá fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni láìnì, láti mọ̀ bóyá òun ló ń bèèrè. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe kà á tán báyìí, olè ti wà nínú ilé, onílé ti wà níta. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, ó ti ń fi orúkọ wọn kọ̀wé sí wa pé ara àwọn kò yá, àwọn wà ní ọsibítù, kí a bá àwọn wá 80,000 náírà, àwọn máa dá a padà ní Mọ́ńdè. Ẹni mẹ́ta nínú wa fi ránṣẹ́. Mo wà níbẹ̀. N kò pè wọ́n kí n gbọ́ ohùn wọn. Ìyá tó kọ́ mi ní ìṣirò, ṣé èmi ni màá máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀?

Ọmọ ọmọ wọn tó ń gbé Agbowó, tó ń kàwé ní Yunifásítì, ló gba ilé náà padà. Ó tún forúkọ WhatsApp náà sílẹ̀ lórí fóònù ìyá àgbà, nọ́ńbà mẹ́fà tuntun wọlé, olè bọ́ síta. Ó wá wọ Settings, ó tẹ two-step verification, ó ní kí ìyá àgbà yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiwọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ bẹ ọmọ yín kó bá yín ṣe é kí ẹ tó kúrò níbí lónìí. Ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí yín ṣe é o, ó wà nínú ìwé mi! Owó tiwa kò padà. Mọ́ńdè la tó lọ sí bánkì. Sátidé yẹn gan-an ló yẹ ká ti ké sí wọn.

Kì í ṣe àgbà nìkan. Àwọn ọmọ wa ń yá owó lórí fóònù, ayánilówó náà á sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Bí owó bá pẹ́, á ránṣẹ́ sí àna wọn, sí pásítọ̀ wọn, pé olè ni wọ́n. Ó pọ̀ débi pé ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Èkó, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń gbé fọ́tò ọmọ ọmọ yín sórí Facebook, tòun ti yunifọ́ọ̀mù àti orúkọ iléèwé, ẹ ti sọ fún ayé ibi tí wọ́n ti lè bá ọmọ náà ní agogo méjì ọ̀sán nìyẹn.

Òfin wà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Nigeria Data Protection Act. Ó fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo kà á, ojú tì mí. Ta nínú yín ni mo bi léèrè kí n tó tẹ ọjọ́ ìbí yín jáde?

Alága ti gbà pé láti ọdún yìí lọ, orúkọ àti ọdún tí a jáde nìkan ni yóò máa wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà òun wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín omi, kó fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé akọ̀wé ló rán òun, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ pe akọ̀wé fúnra rẹ̀.

Ìyá wa ló jókòó níwájú yẹn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún yín pé àwọn kò sí ní ọsibítù o.