TA NI Ó KỌ́KỌ́ SỌ Ọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà. Ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín.

Àwọn baba ńlá wa a máa pa àrokò ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá gba owó ẹyọ mẹ́fà mọ̀ pé ọkàn ẹnìkejì fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wọn jọ nìyẹn. Ìránṣẹ́ ni ó ń mú un wá, a sì mọ ẹni tí ó rán an.

Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Gáná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ẹbí tí ó wà nílé kò ní ohun tí wọ́n lè fi béèrè lójú ẹsẹ̀ bí ènìyàn wọn ti wà lọ́nà.

Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà, pàápàá láti ìgbà tí WhatsApp ti dé, ìyá tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lè rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oore ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún náà, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀. Ìjọba kéde pé irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn pé ó pa àwọn kan. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó fi í ránṣẹ́ sí wa. Ìyá fi í ránṣẹ́ sí ọmọ, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ìfẹ́ ni irọ́ náà gùn bí ẹṣin wọ ilé wa. Olúkúlùkù mọ ẹni tí ó fún òun; ọ̀pọ̀ kò mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n ṣẹ́gun àrùn náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, a kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó fojú rí i? Bí ó bá jẹ́ ti àìsàn, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀, ẹ má ṣe dójú tì í lójú gbogbo ẹbí. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí ẹbí ni ẹbí yóò gbà gbọ́ lọ́jọ́ tí irọ́ bá dé.

Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ó dìgbà o.