Ẹni Tí Ó Rán Ni Níṣẹ́

Oòrùn ti ń mú lórí òkè Atakpamé yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì gbé wá.

Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ Oòyè, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ẹ̀yin tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí bac tí ẹ ń lọ kọ́ ìṣègùn ní Lomé, àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà lára aláìsàn, tí ọwọ́ òsì mi sì wà lára awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ń fún wa lówó ìwádìí ni àwa oníwàádìí ń wárí fún, ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gbúròó wa mọ́.

Èmi náà jẹ̀bi. Láti 1961 tí Till àti McCulloch ti gbé ẹ̀rí jáde ní Toronto pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn eegun tí ó jẹ́ ìyá fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù, ni àwọn ènìyàn bíi tèmi ti ń wá ìyá tí ń bí jẹjẹrẹ, nítorí bí oògùn bá pa ọmọ tí kò pa ìyá, àrùn náà á tún hù. Ìyá yẹn ni mò ń wá tí mo fi gbàgbé ìyá ẹlẹ́ran ara.

Ìyá kan tí ń ta gàrí, tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà, na apá sí mi ní ọdún kẹsàn-án iṣẹ́ mi, ó ní, “Dókítà, ọmọ mi, ìgbà wo lo máa padà wá sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ mi wí?” Mo ní, “Kò ní pẹ́, Ìyá.” Ọdún méjì kò pé tí ẹ̀jẹ̀ náà fi sọ̀rọ̀: àbùkù kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ lè jogún. Ọ̀gá mi lókè òkun ní kí n kọ ọ́ kíákíá kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú wa. Mo kọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé mi ga sí i, ọdún mẹ́fà sì kọjá kí n tó wálé. Ìyá ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló jáde pàdé mi, ó sì fi ọwọ́ bo àyà rẹ̀ lápá òsì kí ó tó kí mi.

Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kọ́ ìṣègùn jáde ní Ìbàdàn ní 1980, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Chicago ní 1992 níbi tí a ti ń yẹ ìdílé aláìsàn wò kí àrùn tó dé. Wọ́n fi ẹ̀bùn MacArthur dá a lọ́lá ní 2005. Ẹ̀bùn náà dára, ṣùgbọ́n ibùdó yẹn ni mo jowú.

Ìwọ ọmọkùnrin tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn nì, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, kọ orúkọ abúlé rẹ̀, kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kọ ọjọ́ tí ìwọ yóò padà. Bí ọ̀gá rẹ bá sì ní kò sí àyè, sọ fún un pé o ti búra.

Ọmọ kejì tí ìyá onígàrí náà bí ṣì ń ta gàrí lọ́jà. A ti ṣàyẹ̀wò fún un, èsì rẹ̀ wà nínú àpò mi yìí; bí a bá ti tú ká níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ.