Ìdí tí dókítà fi ń ka iṣan ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gba kíndìnrín lára ènìyàn



Ká ní ẹnìkan fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín kan. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bára mu. Síbẹ̀, dókítà ní kó tún lọ ṣe CT scan. Kí ni wọ́n ń wá?

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Èyí tó tóbi jùlọ lára ni aorta. Láti ọkàn ló ti wá, ó gba iwájú eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn, ó sì pín sí méjì ní nǹkan bí ọ̀gangan ìdodo. Kó tó débẹ̀, ó ti yọ ẹ̀ka sí ẹ̀dọ̀, ìfun àti kíndìnrín. Ìwé ní iṣan kan ló ń lọ sí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ìka kò dọ́gba: nínú ènìyàn mẹ́rin, nǹkan bí ẹnìkan ló ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti inú oyún ni. Ìsàlẹ̀ ìbàdí ni kíndìnrín ọlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó gòkè. Bó ṣe ń gòkè, ó ń gba iṣan tuntun, ti àtẹ̀yìnwá á sì parẹ́. Èyí tí kò bá parẹ́ ló di àfikún. Kì í ṣe àìsàn.

Ìgbà iṣẹ́ abẹ ni ewu rẹ̀ ń yọjú. Iṣan kọ̀ọ̀kan ló ní apá kíndìnrín tó ń bọ́. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gé e, apá náà á kú. Èyí tó wọ ìsàlẹ̀ kíndìnrín lè máa bọ́ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà pẹ̀lú. Bó bá bàjẹ́, ìtọ̀ lè máa jò sínú ikùn ẹni tó gba kíndìnrín.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù tún wà. Nínú nǹkan bí ẹnìkan láàrin ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ka ti ẹ̀dọ̀ àti ti ìfun jọ ń ti ojúkan ṣoṣo yọ lára aorta. Bí ojú náà bá dí, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló máa jọ jìyà.

Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ara ẹni tó wà láàyè ni wọ́n sì sábà máa ń gbà á. Ẹni tó ní iṣan méjì ṣì lè fún ènìyàn ní kíndìnrín: dókítà lè so iṣan méjèèjì pọ̀, tàbí kó mú kíndìnrín kejì. Kó ṣáà mọ̀ ṣáájú ni.

Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún yín pé iṣan yín yàtọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò náà, kí ẹ sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún yín.