Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Ènìyàn Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìwòrò

  Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láàárín wa mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tó bá wù mí, bí yóò bá ṣáà ti ṣe ẹgbẹ́ lóore, kí n má sì pẹ́. Aṣọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo wa la mọ̀ pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀ ni a ó gbé sórí tábìlì. Àwọn kan ní kí a ra tíṣẹ́ẹ̀tì olóókọ tó ti òkè òkun wá, kí a kàn lẹ báàjì ilé ìwé wa mọ́ ọn, kí ẹgbẹ́ lè gbayì. Àwọn kan ní kí a rán an níhìn-ín. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ara wa, mo fẹ́ kí a gbọ́ nípa àwọn kan tí wọ́n ti ń bá aṣọ olóókọ fa ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Eré kan wà tí òyìnbó ń pè ní surfing. Ènìyàn yóò gbé pátákó gígùn, yóò wẹ̀ lọ síbi tí ìgbì òkun ti ń ru sókè. Bí ìgbì bá ti gbé e, yóò dìde dúró lórí pátákó náà, ìgbì yóò sì máa gbé e sáré bọ̀ létí iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn tó ń ṣe é ní agunìgbì. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Bí a bá fi ọkọ̀ gba ọ̀sà kọjá láti Ìwòrò níhìn-ín, tí a dé etí òkun, tí a kọjú sí ìlà oòrùn, etí òkun kan náà ló nà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó ló gbé eré yìí wá bá wa. Lóòótọ́, fíìmù kan wà tí Bruce Brown ṣe, The Endless Summer, tó gbayé kan ní 1966. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Mike Hynson àti Robert August, gbé pátákó wọn dé Senegal, Gánà àti Nàìjíríà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1834, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, James Alexander, ti rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n wẹ̀ lọ sínú òkun pẹ̀lú pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ikùn wọn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì kó gbé wọn bọ̀. Òyìnbó ìgbà náà ló kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe èmi. Ọmọ etí òkun ni ọmọ etí òkun í jẹ́, níbikíbi láyé.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí aṣọ. Aṣọ agunìgbì kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ńlá rárá. Ní Hawaii, láàárín 1950 sí 1960, télọ̀ kan wà ní Waianae tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń jẹ́ M. Nii. Òun ni àwọn agunìgbì ń lọ bá kí ó rán ṣòkòtò péńpé tí ìgbì kò ní fà ya. Télọ̀ àdúgbò ni o, bí èyí tó ń rán aṣọ iléèwé wa nígbà náà. Ní 1952, Jack O'Neill ṣí ṣọ́ọ̀bù sí San Francisco. Òtútù omi ibẹ̀ ló jẹ́ kí ó máa wá aṣọ tí yóò mú ara agunìgbì móoru. Ní 1969, àwọn agunìgbì ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Torquay ní Ọsirélíà dá Rip Curl àti Quiksilver sílẹ̀. Ní 1973, Gordon Merchant àti Rena ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán ṣòkòtò nílé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Billabong. Àwọn tó ń rán an mọ àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Bí okùn bá já, ẹni tó já sí lọ́wọ́ mọ ilé ẹni tó rán an.

Owó wá dé. Quiksilver ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín fún gbogbo ènìyàn ní 1986, Billabong náà ṣe é ní 2000. Láti ìgbà tí nǹkan ti di ti ẹni tó ra ìpín, àwọn agunìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ wọn, mo sì pín in sí mẹ́ta.

Èkíní, wọ́n ní aṣọ náà kò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi òkun rí ni wọ́n ń rán an fún. Àpẹẹrẹ tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Hollister. Ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ Abercrombie & Fitch dá a sílẹ̀, àmọ́ 1922 ni wọ́n kọ sára aṣọ, wọ́n sì hun ìtàn baba ńlá kan tí kò sí láyé rí tì í. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn wa! Bí a bá kọ irú ìyẹn sínú ìdánwò, ẹ ò ní fún wa ní òdo?

Èkejì, wọ́n ní orúkọ ti di ọjà títà. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Quiksilver ti Amẹ́ríkà jẹ gbèsè dé kọ́ọ̀tù. Nígbà tó dìde, ó yí orúkọ padà sí Boardriders, ó sì ra Billabong ní 2018. Ní 2023, Authentic Brands Group ra gbogbo wọn pọ̀. Iṣẹ́ àwọn yẹn ni kí wọ́n ní orúkọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa fi yá ẹlòmíràn gba owó. Nígbà tó di oṣù kejì 2025, Liberated Brands, tí wọ́n yá orúkọ náà fún ní Amẹ́ríkà, náà bá ara rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù gbèsè, ṣọ́ọ̀bù tó ju 100 lọ sì kógbá sílé. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ ṣì wà lára aṣọ, àmọ́ ẹni tó ni orúkọ, ẹni tó ń rán an, àti ẹni tó ń tà á, wọn kò mọ ara wọn mọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń béèrè pé ta ló ń rán an? Ní 2016, Rip Curl tọrọ àforíjì nígbà tí ó hàn pé Kòríà Àríwá ni wọ́n ti rán lára aṣọ wọn, tí wọ́n sì kọ Ṣáínà sí i lára. Ilé iṣẹ́ náà ní agbaṣẹ́ṣe ló gbé iṣẹ́ náà lọ síbẹ̀ láì gba àṣẹ. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ohun tó ń dun àwọn agunìgbì: ibi tí a ti ń rán aṣọ ti jìnnà débi pé onílé pàápàá kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Kí n má ṣe ẹjọ́ ẹnìkan dá o. Àwọn agunìgbì mìíràn wà tí wọn kì í bá àwọn ilé iṣẹ́ náà jà. Wọ́n ní owó wọn ni a fi ń ṣe ìdíje, òun ni a fi ń sanwó fún ọ̀dọ́ tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju ìgbì gígùn lọ, tó fi di ẹni tó ń rin ayé. Òótọ́ ni. Kelly Slater, tó gba adé àgbáyé nígbà 11, wọ Quiksilver fún ọdún 23. Kò sì bú wọn nígbà tó kúrò ní 2014. Ó kàn lọ dá Outerknown sílẹ̀ ní 2015, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí aṣọ ti ń wá. Ìbéèrè náà ni o: níbo ni aṣọ ti ń wá, níbo ni owó rẹ̀ sì ń lọ?

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí. Òkun tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́, a kò nílò aṣọ òtútù. Pátákó ló ṣòro fún ọmọ Tarkwa Bay, àtọwọ́dọ́wọ́ ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lò, èyí tí àlejò fi sílẹ̀ lọ. Aṣọ olóókọ náà kúkú ń dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà òkìríkà ló ń gbà. Ìjọba fi òfin dè é, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tó ń gbà láti Kútọnu wá. Ẹ má wo ojú mi.

Bí òkìríkà ṣe ń tán ni kò dára. Ní Gánà, ọjà Kantamanto ni ojúkò rẹ̀, kí iná tó jó púpọ̀ nínú ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2025. Aṣọ tí kò tà níbẹ̀ ń dé ààtàn, láti ààtàn ó ń dé gọ́tà, láti gọ́tà ó ń dé òkun. Bí ènìyàn bá dé etí òkun Accra lónìí, yóò rí aṣọ tó lọ́ mọ́ra wọn bí okùn nínú iyanrìn. Accra yìí kan náà ni James Alexander ti rí àwọn ọmọ lórí ìgbì ní 1834. Aṣọ tí a fi àmì òkun sí lára ti padà wá ń ba òkun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Tarkwa Bay náà tún wà ńlẹ̀. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé wọn níbẹ̀. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo ni. Àwọn agunìgbì wà lára àwọn tí kò ríbi sùn. Àmì ìgbì wà lára aṣọ káàkiri ayé, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbì kò rí òrùlé. Mi ò ní kí ilé iṣẹ́ aṣọ wá bá wọn kọ́lé o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àmì lọ́tọ̀, ènìyàn lọ́tọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 2017, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town tó ń jẹ́ Mami Wata. Kò sí ọmọ etí ọ̀sà tó nílò kí a túmọ̀ orúkọ yẹn fún òun! Òwú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ, Áfíríkà ni wọ́n sì ti ń rán an. Wọ́n tún ṣe ìwé kan, AFROSURF, nípa àwọn agunìgbì ilẹ̀ wa. Wọ́n ya èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ìgbì gígùn ran ọmọ tí ayé ti nà lọ́wọ́. Aṣọ wọn kò pọ́ọ́kú o. Àmọ́ bí ẹ bá bi wọ́n níbo ni owó ń lọ, wọ́n ní èsì.

Nítorí náà, Alága, mo dá àbá mẹ́ta.

Kí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó ń bọ̀ má ní orúkọ mìíràn lára ju ti ilé ìwé wa lọ. A kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí a ń bá polówó ọjà, a tún ń sanwó fún un. Irú òwò wo nìyẹn?

Kí a ra àdìrẹ láti Abẹ́òkúta, kí àwọn télọ̀ Ìwòrò níhìn-ín sì rán an. Ó kéré tán, kí a pín iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúríìdọ̀mù. Bí apá kan bá gùn ju èkejì lọ, a mọ ibi tí a ó gbé e padà sí.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Kí a fi nǹkan díẹ̀ lé owó aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí akápò kó o pamọ́ lọ́tọ̀, kí a fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà kọjá wá sí ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wọ irú ọkọ̀ yẹn. A mọ bí ó ṣe ń rí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, tí omi ń wọnú ọkọ̀, tí a kó ìwé lé orí. Ọlọ́run ló yọ wá. Kò yẹ kí àwọn àbúrò wa máa fi oríire nìkan kọjá.

Àwọn àgbà ní aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn. Mi ò bá àgbà jiyàn. Ẹ jẹ́ kí a wọ ohun tó dára, kí a mọ́ tónítóní, kí a sì gbayì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé aṣọ ta la wọ̀, kí a lè na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rán an, kí a sì na ọwọ́ sí àwọn ọmọ tó ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ láyọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ilé ìwé wa kò ní bàjẹ́. A ó tún rí ara wa ní àmọ́dún, a ò ní dín kan.