Ìwé Méje fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Padà Sídìí Ìwé Kíkà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a kọ́kọ́ pinnu láti sọ lónìí. Ohun tí ó mú wa yí i padà nìyí. Nígbà tí a ń wádìí ilẹ̀ kan tí àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ gbà láyé ọjọ́un, a gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn jáde. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni kìíní tí a gbé e fún kà á dé ìlà kẹta, ó ní ojú ń dun òun. Ẹni kejì ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Nígbà tí ó kan àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a ń kọsẹ̀ bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́. A dé ibi tí wọ́n ti sọ bí ilẹ̀ náà ti gùn tó, a sì ka "igba" bí ẹni pé "ìgbà" ni. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé, tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ó là wá lóye: "Ẹ̀yin ọmọ mi, igba ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń wí." Ojú tì wá. Bí ìyá náà kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé a kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, agbo ilé tí kò ní ẹni tí ó kàwé kò wọ́pọ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣe wá ni pé lọ́jọ́ tí a gba ìwé ẹ̀rí ni a ti fi ìwé sílẹ̀. Ìwé kíkà sì dà bí oko: bí a bá pa á tì, igbó a gbà á. Òótọ́ ni pé láti àárọ̀ di alẹ́ ni a ń ka nǹkan lójú ẹ̀rọ alágbèéká wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí ni. Sùúrù àtijókòó ka ogún ojú ewé ni ó ti tán nínú wa.

Nígbà tí Àlùfáà Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, tí wọ́n ń ta ẹ̀dà kan ní ọgọ́fà (120) owó ẹyọ, ohun tí ó ń wá ni pé kí ìwé kíkà di àṣà àwọn ènìyàn. Ẹ kíyè sí i: àṣà, kì í ṣe ìdánwò. Àṣà yìí ni àwa náà tún ń wá. A ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó rí ọ̀nà, nítorí pé ìwé tí ó le jù ni a kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Nítorí náà, bí a ti to ìwé méje wọ̀nyí ni a bẹ̀ yín kí ẹ kà wọ́n.

Èkíní ni Aláwìíyé, tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ojú àti etí wa ti tún mọ àmì ohùn. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì pe ọmọ kan jókòó tì yín. Ẹni tí ó bá rí yín yóò rò pé ọmọ ni ẹ ń kọ́.

Èkejì ni Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí ó jáde ní ọdún 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Ẹni tí ìwé máa ń kùn lóorun nílò ìwé tí kò ní jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ̀kẹta ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí. Ẹni tí ó bá ti wo sinimá rẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1997 ti mọ ojú ọ̀nà. Kò ní ṣìnà nínú ìwé.

Ẹ̀kẹrin ni eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ti Ìṣọ̀lá kan náà, tí ó jáde ní ọdún 1970, lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá a kà. Ẹ pín ipa inú rẹ̀ fún ará ilé. Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè kà á pẹ̀lú wọn lórí ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ̀karùn-ún ni ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. I. B. Thomas ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929, kí ó tó di ìwé. Lẹ́tà kan lálẹ́ kan ti tó. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí yóò ran àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ inú rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn bàbá wa kò ní ṣòro fún un mọ́.

Ẹ̀kẹfà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Èyí gan-an ni a kọ́kọ́ dáwọ́ lé tí ó gbé wa ṣubú, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ sì gùn. Ṣùgbọ́n Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ kò sọ ìtàn rẹ̀ tán níjókòó kan. Ó ń sọ díẹ̀, ó ń lọ, ó sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kà á.

Èkeje ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ojú ewé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta (600). Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba. Johnson kú ní ọdún 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè ka àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí nínú ẹbí, ìbá ti parí síbẹ̀.

Ìlànà wa kò pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́. Kí ẹ̀rọ alágbèéká wà ní yàrá kejì. Kí a sì dáwọ́ dúró níbi tí ìtàn ti dùn, kí ó lè máa wù wá padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ìparí, ohun méjì ni a bẹ ẹgbẹ́ yìí fún. Àkọ́kọ́, kí a tún ìwé àkọsílẹ̀ àwọn bàbá wa dà kọ pẹ̀lú àmì ohùn, nígbà tí àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Èkejì, kí ọ̀dọ́ kan máa ka ojú ewé kan nínú rẹ̀ sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tí ó gbà wá lọ́jọ́ náà kò ní wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí láé. Kí ó tó lọ, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ kí ọmọ ìlú yìí kan ka "igba" kí ó sì pè é ní igba.

Ọlọ́run yóò bá wa tún ìlú wa ṣe. Àṣẹ.